Wẹ́ẹ̀jì Àlòkù Tí Ṣàmsù Fi Ìlara Rà

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Jímọ̀ tán ni, oníkálukú ń wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, òjò Peckham tí kì í rọ̀ kó dá, tí kì í sì í dá kó mọ́, ń sẹ̀ lórí wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti gún Ṣàmsúdéènì lọ́kàn bí ẹ̀gún. Ẹni tó sọ ọ́ kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun sọ nǹkan kan. Ọlábọ̀wálé ni, ọmọ olóògbé Yẹ̀kínì, ọmọkùnrin tí wọ́n bí sí ìlú òyìnbó, tó ń tọ́jú eyín àwọn èèyàn ní East Dulwich, tí Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

"Uncle Ṣàmsù, ẹ ti rí Uncle Dáúdà lórí pápá gọ́ọ̀fù láìpẹ́ yìí? Ah! Chipping wọn, it's mad. Wọ́n kàn máa ń gbé ball sílẹ̀ like egg. Wọ́n ra wedges second-hand, and since then, finish!"

"Dáúdà wo nìyẹn?"

"Uncle Dáúdà yín now. Ọ̀rẹ́ yín. Every Thursday la máa ń lọ. Àwa méjèèjì la máa bá Brixton ta this year." Ó wo ojú Ṣàmsù. "Wọn ò sọ fún yín?"

"Ó sọ fún mi," ni Ṣàmsù wí. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín. Ẹsẹ̀ òsì ló ki bọ bàtà ọ̀tún, ó sì rìn bẹ́ẹ̀ dé òpópónà kó tó mọ̀.

Ọ̀rẹ́ Ṣàmsù àti Dáúdà kì í ṣe ọ̀rẹ́ àná. Orí ẹní kan náà ni wọ́n jókòó sí nílé kéwú ní Ìwó, wàláà kan náà ni wọ́n jọ ń fọ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé London, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n jọ gbà lẹ́yìn Rye Lane, láyé ìgbà tí èèyàn ní láti wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Brixton kó tó rí ata rodo gidi fi sebẹ̀. Kóòtù òtútù kan ló wà láàárín wọn. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ òru ló ń wọ̀ ọ́. Ṣàmsù wa bọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìn tì. Dáúdà ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ó ń ti àwọn aláìsàn lórí kẹ̀kẹ́ láti wọ́ọ̀dù kan sí èkejì. Nígbà tí dókítà sọ fún Ṣàmsù pé ṣúgà ti ń yọ́ wọnú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kó máa rìn dáadáa, òun ló kọ́kọ́ rí pápá gọ́ọ̀fù kékeré tí káńsù ṣe fún tolówó tòtòṣì. Òun ló fa Dáúdà lọ́wọ́ lọ síbẹ̀. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró, bí wọ́n ṣe ń di igi mú, bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù.

Dáúdà lágbára. Tó bá fi igi gígùn gbá bọ́ọ̀lù, á fò lọ bí àṣá. Ṣùgbọ́n tí bọ́ọ̀lù bá ti dé ẹ̀bá ihò, tó wá ku kí èèyàn rọra gbé e sún mọ́ ọn, wàhálà dé nìyẹn. Á gbá a kọjá, á tún gbá a padà, bí ẹni tó ń lé adìẹ kiri àgbàlá.

Lọ́dọọdún, bí ooru bá ti mú díẹ̀, àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí Peckham máa ń bá àwọn ti Brixton ta gọ́ọ̀fù, ẹni méjì láti ìhín, ẹni méjì láti ọ̀hún, àwọn méjèèjì á sì máa gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, bí eléyìí bá gbá a, tọ̀hún á gbá a. Búútà àlùwàlá kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ wúrà ni ẹ̀bùn ẹni tó bá borí. Búútà náà ti pẹ́ ní Brixton débi pé àwọn ará ibẹ̀ ti ń pè é ní ọmọ onílé. Ẹ̀bá ihò ni Dáúdà ti máa ń sọ ọ́ nù. Síbẹ̀, Ṣàmsù kò mú ẹlòmíì ṣe ẹnìkejì rí. Ó lè bú Dáúdà láti ihò àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, ṣùgbọ́n lọ́dún tó bá tún yípo, Dáúdà náà ni.

Lọ́dún tó kọjá, bọ́ọ̀lù Dáúdà lọ há sídìí igi kan níbi tí kò ti sí àyè ìdúró. Ni Dáúdà bá yí igi gọ́ọ̀fù rẹ̀ sódì, ó fi ọwọ́ òsì gbá a. Bọ́ọ̀lù yẹn rọra fò, ó balẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sùn ti ihò. Ẹnu ya gbogbo wọn. Ṣàmsù tó yẹ kó yin ọ̀rẹ́ rẹ̀, ariwo ló ta: "Dáúdà Òsì! Áfà Múfútáù gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí ní sàréè!" Dáúdà Òsì ni orúkọ tí wọ́n fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́ nílé kéwú Áfà Múfútáù. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Dáúdà náà rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà, Sátidé tí wọ́n jọ ń lọ sí pápá kò gún régé mọ́. Lónìí, ẹ̀yìn ń dun Dáúdà. Lọ́la, Ìyá Yaqub ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n lọ kí àna. Ṣàmsù ti gbà pé ọjọ́ ogbó ni. Ṣé Thursday ló wá ń jẹ́ ẹ̀yìn ríro?

Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, Rùkáyàt ìyàwó Ṣàmsù gbé oúnjẹ síwájú ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ṣàmsù kàn ń wo àwo.

"Bàbá Àmírà, kí ló dé? Ẹ ò fọwọ́ kan nǹkan."

"Wẹ́ẹ̀jì ni."

"Kí ló ń jẹ́ wẹ́ẹ̀jì?"

"Igi gọ́ọ̀fù kúkúrú, tí ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ojú ṣọ́bìrì. Òun ni wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù sókè lẹ́bàá ihò. Dáúdà lọ ra àlòkù."

"Ọlọ́run á jẹ́ kó fi ṣe rere. Ìyẹn ló wá gba oúnjẹ lẹ́nu yín?"

"Ọmọ Yẹ̀kínì ló mú láti bá Brixton ta. Ọmọdé tó ń fọ eyín!"

Rùkáyàt jókòó, ó fi ọwọ́ lérán. "Ká ní èmi ni mo ní ọkọ mìíràn, ẹ ò lè jowú tó báyìí."

"Ta ló ń jowú?"

"Èmi ni. Ẹ jẹun."

Ó jẹun, ṣùgbọ́n ó ti ní nǹkan lọ́kàn. Tó bá jẹ́ pé wẹ́ẹ̀jì ló sọ Dáúdà di ẹni tí ọmọ Yẹ̀kínì ń bá rìn, òun náà yóò ra irú rẹ̀. Kì í ṣe èyí tó jọ ọ́ o, irú rẹ̀ gan-an ni. Nígbà tí Dáúdà bá rí ohun tí òun náà lè ṣe lẹ́bàá ihò, yóò mọ ẹni tó yẹ kí ó mú ṣe ẹnìkejì.

Ní ọjọ́ Sátidé, ó gbé kúlà oúnjẹ tí Ìyá Yaqub ti gbàgbé sílé wọn láti ọjọ́ pípẹ́, ó lọ dá a padà. Ó mọ̀ pé Dáúdà kò ní sí nílé. Ìyá Yaqub yọ̀ mọ́ ọn, ó ní kó jókòó, òun ń lọ gbé tíì wá. Bó ṣe yíjú báyìí, Ṣàmsù rí báàgì gọ́ọ̀fù lẹ́yìn ilẹ̀kùn, táwẹ́lì kan bò ó lórí bí ọmọ tuntun. Ó ṣí táwẹ́lì náà díẹ̀, ó rí wẹ́ẹ̀jì mẹ́ta tí wọ́n ti lò dáadáa, ọ̀dà pupa wà nínú nọ́ńbà tí wọ́n fín sí ìdí wọn. Ó yọ fóònù, ó ya fọ́tò kan pere, ó da táwẹ́lì bò ó. Nígbà tí tíì dé, ó ti ki fóònù bọ àpò, ó di kóòtù mọ́ra.

"Ẹ̀gbọ́n, òtútù ni?" ni Ìyá Yaqub bi í.

"Òtútù ni, ìyàwó wa. Ẹ fi ṣúgà sí i." Òun tí dókítà ní kò gbọ́dọ̀ tọ́ ṣúgà wò.

Bọ́ọ̀sì 78 ló wọ̀ lọ sí Bermondsey lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Lábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn afárá rélùwéè ibẹ̀, ọkùnrin ará Jamaica kan wà tó ń jẹ́ Isaiah, igi gọ́ọ̀fù àlòkù ni ó ń tà. Àgbà ni òun náà, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bí òwú. Ṣàmsù na fọ́tò sí i.

Isaiah fi dígí ojú sí i, ó wò ó, ó tún wò ó. "Irú èyí?"

"Irú ẹ̀ gan-an. Má yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀."

"Ó dá ẹ lójú? Àwọn èèyàn kì í sábà béèrè irú èyí. Torí ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé owó pọ́ọ́kú ni mo ń tà á."

Inú Ṣàmsù dùn. Ó ní lọ́kàn rẹ̀, wò ó, àwọn aṣiwèrè ò mọ nǹkan tó dáa. "Ó dá mi lójú."

"Mo ta irú ẹ̀ fún ọkùnrin kan bíi tìẹ láìpẹ́ yìí," ni Isaiah ń wí bó ṣe ń lọ sẹ́yìn. "Mo ju bọ́ọ̀lù sí i, mo wo ọwọ́ tó fi hán an, mo ní, àgbà, igi tí o ń lò kì í ṣe tìẹ."

Ká ní Ṣàmsù fara balẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá ti yé e. Ṣùgbọ́n ojú ilẹ̀kùn ló ń wò, ẹ̀rù ń bà á kí Dáúdà má lọ yọ sí i. Isaiah gbé igi mẹ́ta jáde, bébà pálí ni wọ́n fi wé orí wọn láti ọ̀dọ̀ ẹni tó tà wọ́n fún un.

"Ṣé o ò ní dán an wò? Àwọ̀n wà lẹ́yìn."

"Mo ń kánjú."

Ó gbé e sábẹ́ abíyá, ó wọ bọ́ọ̀sì padà, ó kó o pamọ́ sẹ́yìn wọ́ọ̀dùróòbù bí ẹni kó ẹrù òfin.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn àsùbáà, ó dá lọ sórí pápá Peckham Rye. Ìrì wà lórí koríko, ajá méjì péré àti olówó wọn ló wà lókèèrè. Ó gbé bọ́ọ̀lù kan sílẹ̀. Ó tú bébà. Ó dúró bí ó ṣe máa ń dúró, ó gbé wẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù.

Igi náà kọ ẹ̀yìn sí bọ́ọ̀lù.

Ó yí igi, ìdí rẹ̀ dojú kọ òkè. Ó mú èkejì, bákan náà. Ó mú ẹ̀kẹta. Ìgbà tí ó fi ara rẹ̀ yí sí òdìkejì, tí ọwọ́ òsì rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ni ojú igi náà wá wo ọ̀nà tó yẹ kó wò. Igi ọlọ́wọ́ òsì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Isaiah ti lù mí ní jìbìtì!" ló pariwo, ajá kan sì gbó o padà. Ó yọ fóònù kó fi fọ́tò náà jẹ́rìí pé ohun tí òun béèrè kọ́ nìyí. Ó mú kí fọ́tò náà tóbi sí i. Ó wo fọ́tò, ó wo igi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ìyàtọ̀ kan.

Ó wá ibi kan jókòó sí. Ohun tí ó ti gbàgbé láti Ìwó ń padà bọ̀ ní kọ̀ọ̀kan. Okùn tí Áfà Múfútáù fi so ọwọ́ òsì Dáúdà mọ́ ọn lẹ́yìn kí ó má baà fi kọ wàláà. Pàṣán lórí ọwọ́ náà bó bá fi bu oúnjẹ. Bí ó ṣe máa ń sunkún tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á máa kọ alífù wíwọ́. Ọwọ́ tí a kì í fi júwe ilé bàbá ẹni, tí a kì í nà sí àgbà. Dáúdà ti gbé e pamọ́ láti ìgbà ọmọdé, àfi lọ́dún tó kọjá tó yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́yìn igi, òun Ṣàmsù ni ó sì kígbe lé e lórí.

Àánú ṣe é. Ṣùgbọ́n àánú náà kò tíì jókòó dáadáa tí ìlara fi tì í dìde: Ọlábọ̀wálé mọ̀. Ọmọ àná mọ ohun tí òun kò mọ̀.

Kò lọ sílé. Ilé Dáúdà ló gbà lọ, òun àti igi mẹ́ta. Dáúdà fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, fìlà àsùbáà ṣì wà lórí rẹ̀.

"Ṣàmsù! Kí ló lé ẹ jáde láàárọ̀ kùtù?"

Ṣàmsù kó igi náà sórí tábìlì. Dáúdà mú ọ̀kan, ó yí i wò, ó mọ̀ ọ́n.

"Níbo lo ti rí èyí?"

"Mo rà á. Mo ya fọ́tò tìẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yín níbí, bí olè."

"O jí fọ́tò igi mi?" Dáúdà bú sẹ́rìn-ín, ó di ògiri mú. "Ṣàmsù ọmọ Sàláwù! Tó o sì ra ti ọlọ́wọ́ òsì! Ìlara á pa ẹ́ o!"

"Má rẹ́rìn-ín. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Dáúdà. "Kí n sọ fún ẹ, kó o tún lọ pariwo Dáúdà Òsì fáyé gbọ́?"

"Eré ni mo ṣe."

"Mo mọ̀. Eré náà ni wọ́n ń ṣe nílé kéwú." Ó jókòó. "Ọmọ Yẹ̀kínì, ọmọ ibí ni. Mo fi ọwọ́ òsì gbá bọ́ọ̀lù lójú ẹ̀, ohun tó sọ ni pé 'nice one, Uncle.' Kò wo ọwọ́ mi, Ṣàmsù. Bọ́ọ̀lù ló wò."

Ṣàmsù kó igi rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tó gbé e wá gan-an. "Ṣé wàá mú mi báyìí?"

"Mo ti fún ọmọ yẹn ní ìlérí. Yẹ̀kínì bàbá rẹ̀ ò sí láyé kó bá a ta á. Mi ò lè gbà á padà."

"Ó dáa náà."

"Àti pé lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ ọ̀tún ni màá lò. Gbogbo alhaji ibí àti ti Brixton ló máa wà níbẹ̀, àti lèmọ́mù. Mi ò lè dúró níwájú wọn kí n máa fi òsì ṣeré."

"Wàá sọ búútà nù."

"Kó nù."

Bó ṣe ń lọ sílé, ohùn kan ń sọ fún Ṣàmsù pé: kó nù lóòótọ́. Kí Dáúdà máa lé adìẹ kiri níwájú ọmọ Yẹ̀kínì, kí wọ́n pàdánù, kí ó wá mọ̀ pé Ṣàmsù nìkan ló lè fara da òun. Lọ́dún tó ń bọ̀, ipò òun á padà. Ó ń jẹ èrò náà lẹ́nu bí orógbó, kò sì fẹ́ tu ú dànù.

Ọjọ́ pé. Oòrùn yọ, irú oòrùn tí í mú àgbà Peckham bọ́ sùwẹ́tà. Àwọn alhaji rọ̀gbà yí ihò ìkẹyìn ká, pẹ̀lú fìlà àti fíláàsì tíì. Ṣàmsù wà láàárín wọn. Wẹ́ẹ̀jì kan ló fi ṣe ọ̀pá ìtìlẹ̀. Ó kúkú rà á, kó ṣe nǹkan kan. Brixton ti parí tiwọn. Bí Peckham bá lè fi gbígbá méjì sí i gbé bọ́ọ̀lù wọlé, búútà di tiwọn. Dáúdà ló kàn láti gbé e sún mọ́ ihò, kí Ọlábọ̀wálé wá tì í wọlé.

Dáúdà ki ọwọ́ bọ báàgì. Wẹ́ẹ̀jì àtijọ́, ti ọwọ́ ọ̀tún, ló fà yọ.

"Uncle, not that one now!" ni Ọlábọ̀wálé kígbe, gbogbo ayé gbọ́. "Ẹ lo left-hand yín. Ẹ máa ń pa á with the left!"

Alhaji kan láti Brixton sọ pé, "Òsì kẹ̀?" Ẹlòmíì rọra rẹ́rìn-ín. Ojú Dáúdà di ti ọmọdé tí wọ́n so lọ́wọ́. Ó mú igi ọwọ́ ọ̀tún náà dání, ó fi ọwọ́ òsì pamọ́ sẹ́yìn.

Ṣàmsù rí i. Kò ju pé kó dákẹ́ lọ. Kó ṣáà dákẹ́, ipò rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà. Ó wo Ọlábọ̀wálé tí kò mọ ohun tí òun ti ṣe. Ó wo ọwọ́ òsì tó pa mọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ̀yin àgbà!" Ohùn rẹ̀ ya òun gan-an lẹ́nu. "Kí Dáúdà tó gbá tiẹ̀, ẹ wo tèmi ná."

Ó kúrò láàárín wọn, ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan tí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó gbé e sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Erùpẹ̀ ta, koríko fò, bọ́ọ̀lù kò kúrò níbi tó wà. Ó tún gbá a. Lọ́tẹ̀ yìí bọ́ọ̀lù ta gba ẹ̀gbẹ́, ó lọ lu fíláàsì alhaji Brixton náà gbọ̀ngàn. Àwọn àgbà dùbúlẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa!" ni Ṣàmsù wí. "Ìlara Dáúdà ni mo fi ra igi yìí. Mo rò pé igi ló mọ̀ ọ́n gbá. Òsì ni mo rà, mi ò mọ̀. Ẹni tí Ọlọ́run fún lọ́wọ́ òsì ló lè lò ó. Dáúdà, má dá wa dúró, oòrùn ń wọ̀. Fi tìẹ hàn wá."

Dáúdà wò ó. Ó dá igi ọwọ́ ọ̀tún padà sínú báàgì, ó fa èkejì yọ, ó yípo lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ti rín in tán sórí Ṣàmsù. Igi náà lọ jẹ́jẹ́, bọ́ọ̀lù gbéra, ó balẹ̀ bí ẹyin, ó yí gbirigbiri, ó dúró ti ihò. Ọlábọ̀wálé rìn dé ibẹ̀, ó tì í wọlé.

Takbíírì sọ lórí pápá káńsù. Dáúdà sáré, ó dì mọ́ Ọlábọ̀wálé, ó gbá a lẹ́yìn, ó ń pe orúkọ bàbá rẹ̀. Ṣàmsù dúró lápá kan, erùpẹ̀ wà lára sòkòtò rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Ó dùn ún. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ó dùn ún wọnú egungun.

Nígbà tó yá, Dáúdà rọra rìn wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Kò dúpẹ́. Ó na wẹ́ẹ̀jì rẹ̀ sí i, ọwọ́ òsì ló sì fi nà án, lójú lèmọ́mù, lójú gbogbo wọn.

"Gbà, bá mi nù ún."

Ṣàmsù fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó yọ táwẹ́lì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu erùpẹ̀ kúrò nínú nọ́ńbà pupa náà. Lókèèrè, Ọlábọ̀wálé gbé búútà sókè, ó ń ya fọ́tò ara rẹ̀.

"Thursday yẹn," ni Ṣàmsù wí, kò gbójú sókè, "aago mélòó lẹ máa ń lọ?"